Alága Tó Fá Irùngbọ̀n Adágún

Kò sí ẹni tó sọ fún adágún Ìdí-Ìyeyè pé ojú rẹ̀ kò dára, àfi ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Matthew Ọlátúndé Fáṣínà kọ́lé sí etí rẹ̀. Adágún náà ti wà lẹ́yìn ìlú Ìwó, lápá ọ̀nà Kuta, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtiyan alága sí ohunkóhun. Esùsú yí i ká, ó ga ju orí èèyàn lọ. Ojúoró àti òṣíbàtà tẹ́ sójú omi, lékelèke a sì máa bà sáàrin wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Àwọn obìnrin àdúgbò a gba ọ̀nà tóóró wọ inú esùsú lọ, wọn a pọn omi tó mọ́ gaara, wọn a gbé e padà sílé. Bó ṣe rí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn. Ẹ̀yin náà rí i pé àtúnṣe ti pẹ́ jù.

Nígbà tó di ọdún tí ìjọba ní kí kálukú máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún àdúgbò ara rẹ̀ ṣe, Ìdí-Ìyeyè dá Ìgbìmọ̀ Ìtúnlùúṣe tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi Fáṣínà jẹ alága. Ọgbọ́n orí kọ́ ni wọ́n wò. Nínú gbogbo àwọn tó wá sípàdé, òun nìkan ló ní àga tó ní ibi téèyàn ń gbọ́wọ́ lé. Wọ́n gbé àga náà síwájú, ẹni tó ni ín jókòó sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tó ti ṣòwò kòkó tó sì jèrè ni Fáṣínà. Ilé tó kọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó funfun bí ẹyin, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè ẹnu ọ̀nà. Ilé náà ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí kì í bá ṣe pé ó lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, tó rí ilé òyìnbó kan létí omi. Ilé òyìnbó náà wà lórí ilẹ̀, ó tún wà nínú omi, odidi, tòun ti òrùlé àti fèrèsé. Fáṣínà dúró, ó wò ó títí ọrùn fi ń dùn ún. Owó ilé kan, iyì ilé méjì! Lójú tirẹ̀, àṣírí àwọn òyìnbó lòun mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe padà délé, fàráńdà òkè ló gbà lọ, ó pe Agnes, ìyàwó rẹ̀.

"Agnes, wo omi yẹn. Kí lo rí?"

"Koríko ni mo rí, Bàbá Jemimah."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ilé wa dà?"

Agnes wò yíká. "Àwa la wà nínú ẹ̀ yìí."

Fáṣínà mi orí. Ó pẹ́ tó ti mọ̀ pé obìnrin náà kò rí ọ̀nà jíjìn.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, Alága dìde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Sunday Ògúnkúnlé wà, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹni tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wí pé "Hẹ́ẹ̀n!" nígbàkígbà tí Alága bá dánu dúró láti mí.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọlọ́pọlọ pípé," Alága bẹ̀rẹ̀, "èmi Matthew Ọlátúndé Fáṣínà, tí Ọlọ́run dá tán tó sì nu ọwọ́, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ni ojú?"

Wọ́n rò pé ìbéèrè náà ní ọ̀fìn nínú.

"Ojú ni iyì!"

"Hẹ́ẹ̀n!"

"Kí wá ni ojú Ìdí-Ìyeyè? Adágún wa ni! Ẹ lọ wo ojú yẹn wò, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti hu irùngbọ̀n! Ó hu irun imú! Ó hu irun etí! Àwọn ẹgbẹ́ wa ń múra de òmìnira, ṣé irú ojú yìí la fẹ́ gbé lọ pàdé rẹ̀?"

Àfáà Rájí, olùkọ́ kéwú tó jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì balẹ̀ dé àyà, rọra fi ọwọ́ bò ó.

"Kì í ṣe tiyín, Àfáà," Alága wí pẹ̀lú àánú. "Ti omi ni mò ń wí."

Wọ́n ṣòfin níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá kan omi, kí ó fá etí omi rẹ̀ títí yóò fi dán bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí kò bá fá a, ìgbìmọ̀ yóò bá a fá a. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nínú gbogbo wọn, àfi Alága, kò sẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ kan omi, kò sì sí irùngbọ̀n tó rọrùn ún fá bíi ti ẹlòmíràn.

Àwọn lébìrà dé tòun ti àdá àti ọkọ́. Alága dúró tì wọ́n, ó ní kí wọ́n má gé e o, kí wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, nítorí irun tí abẹ bá fá lónìí, ọ̀la ló ń padà. Wọ́n hú u yí adágún po. Wọ́n wọ́ ojúoró, wọ́n wọ́ òṣíbàtà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán, Ògúnkúnlé dúró sẹ́bàá òkìtì náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Alága wa! Ojúoró ní í lékè omi! Òṣíbàtà ní í lékè odò! Bí ojúoró ṣe ń lékè omi, bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa lékè ọ̀tá!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn hó.

"Àmín, àṣẹ!" Alága tún un wí, ó sì fi bàtà ti ojúoró kan tó dí i lọ́nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oòrùn ti ń ba ewé rẹ̀ jẹ́. N kò ní fi ẹnu mi kan ọ̀rọ̀ yìí. Àdúrà ni àdúrà.

Nígbà tí omi rọlẹ̀, ilé yọ nínú rẹ̀. Ó yọ lóòótọ́, funfun báláú. Láti ọjọ́ náà ni Alága kò ti jẹun àárọ̀ mọ́ àfi lórí fàráńdà, kó lè máa wo ara rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn wá wò ó láti Olúpọ̀nnà, wọ́n wá láti Ilé-Ogbó.

"Ẹ ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi," Alága a wí fún àlejò.

"Ọ̀kan ni, sà."

"Ẹ tún un kà."

Àlejò a wo ilẹ̀, a wo omi, a rántí pé òun kò tíì jẹun. "Háà! Méjì ni, sà."

"Ẹ bá wọn gbé oúnjẹ wá."

Àléébù kan ṣoṣo ló wà. Lápá ọ̀tún, ilẹ̀ Ìyá Hàbíbátù kan omi, kò sì gbà kí àwọn lébìrà wọ̀ ọ́. Esùsú tirẹ̀ ṣì wà lóòró, ó sì bo fèrèsé kan mọ́lẹ̀ nínú adágún. Fèrèsé náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ti yàrá Alága gan-an ni.

Ìyá Hàbíbátù, opó oníṣòwò obì kan, ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbó. Alága mú Ògúnkúnlé lẹ́yìn, ó lọ bá a.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá," ó wí, ó sì ṣí fìlà díẹ̀ bí òyìnbó.

Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ló ń kí mi lóòró yìí? Àbí ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni, Àkànbí?"

Ògúnkúnlé bọ́ síwájú. "Ìyá, Alága là ń pè wọ́n báyìí."

"Alága tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn?"

Alága bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan kan ilẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àwọn aláṣẹ nìyẹn. "Ìyá, òfin ti jáde. Ẹ ní láti fá etí omi yín."

"Kí n fá a, kí n wá máa wẹ̀ níbo?"

"Kí ẹ máa…?"

"Ẹ̀yìn esùsú yẹn ni balùwẹ̀ mi. Omi ọṣẹ mi a máa ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ṣẹ ẹnì kankan. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti gbé mi wọlé ni mo ti ń wẹ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí ẹ̀yìn mi rí, àfi lékelèke. Ìwọ wá kọ́lé gogoro, o lanu fèrèsé sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá fá a tán, Àkànbí, kí lo fẹ́ máa wò látòkè?"

Alága wúkọ́. Ògúnkúnlé rí nǹkan kan lójú ọ̀run, ó ń wò ó.

"A ó fi páànù kọ́ balùwẹ̀ ìgbàlódé fún yín, Ìyá."

"Páànù? Nínú oòrùn Ìwó? Ṣé ẹ fẹ́ sè mí ni?" Ó na ìka sí adágún. "Mo sì ti rí ilé rẹ nínú omi. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ṣé o wò ó dáadáa? Orí rẹ ló wà nísàlẹ̀."

Alága yínmú. Ó ní mínísítà kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá ṣí adágún náà, lọ́jọ́ náà gan-an ni wọn yóò sì fá esùsú Ìyá, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Mínísítà fúnra rẹ̀ ni yóò gé àkọ́gé.

Kí n sọ òtítọ́ kan níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìyá yìí mọ ohunkóhun nípa adágún. Kò ro ti ẹja, kò ro ti ẹyẹ, kò ro ti omi tí aládùúgbò ń mu. Ìhòòhò ara rẹ̀ nìkan ló ń bò. Báyìí ni ire ṣe ń bá ìlú nígbà míì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wá a.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ilẹ̀ tí esùsú ti fi gbòǹgbò dì mú látọjọ́ tó ti pẹ́ kò rí ohun tó dì í mú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn wọ inú adágún, díẹ̀díẹ̀ níkọ̀kọ̀, lẹ́yìn náà ní gbangba. Omi pọ́n bí epo. Ilé inú omi sọnù. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí léfòó, ikùn sókè. Ṣẹ̀fíátù, obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí adágún, gbé garawa kan lérí wá sílé Alága.

"Alága, ẹ wo ohun tí mo pọn láti fi po ẹ̀kọ."

Alága bojú wo inú garawa. Ó ronú. "Ẹrẹ̀ kọ́ nìyí. Ìtẹ̀síwájú ni. Omi tó bá ń tẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ gbé nǹkan dání."

"Àwọn ọmọ mi ti ń ṣu ìtẹ̀síwájú yìí láti àná, sà. Ṣé kí n tún fún wọn mu sí i ni?"

Alága pe ìpàdé pàjáwìrì. Ìgbìmọ̀ fi ohùn kan pinnu pé omi náà kò dọ̀tí. Nítorí pé kò dọ̀tí, wọ́n pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí mínísítà yóò fi dé, kó lè rí àyè mọ́. Wọ́n tún pàṣẹ fún àwọn ẹja tó ṣẹ́kù pé wọn kò gbọdọ̀ rú omi níwájú ilé Alága. Ògúnkúnlé ló lọ ka èyí sétí omi, ní ohùn rara. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tó mú wá, kò sí ẹja kan tó takò ó.

Àwọn obìnrin kò fetí sí ìwé kankan. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilẹ̀ Ìyá Hàbíbátù. Níbẹ̀, láàrin esùsú, omi ṣì mọ́ débi pé èèyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun kan péré ló béèrè: ẹni tó bá fẹ́ pọn omi, kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó wí pé, "Ẹ kú ewu irùngbọ̀n yín o, Ìyá." Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń wí i. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi gbé àpótí síta, ó ń jókòó lórí rẹ̀, ó ń fi ìka júwe ẹni tó kàn. Àìsàn tó mú Alága fẹ́ ràn án, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ní báyìí, ohun tó ku Ìdí-Ìyeyè kò ju ìdí esùsú kan yẹn lọ. Bí wọ́n bá hú u, kò sí omi mímu mọ́ títí dé Kuta. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Nínú ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n nawọ́.

Ọjọ́ mínísítà pé. Alága ti mọ pèpéle sìmẹ́ǹtì kan sórí etí omi pípá tó wà níwájú ilé rẹ̀, àga rẹ̀ wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ iwájú pátápátá. Agnes ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

"Bàbá Jemimah, ilẹ̀ yẹn ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀."

"Agnes, ilẹ̀ mọ ẹni tó ń tẹ òun."

Mínísítà dé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó wọ aṣọ òfì. Wọ́n fún un ní àdá tuntun tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ léèkù. Gbogbo wọn dìde, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gbéra lọ sídìí esùsú Ìyá Hàbíbátù. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀ nígbà tí ohùn kan ti inú esùsú jáde.

"Mo ń wẹ̀ o!"

Mínísítà dúró lójijì. Àwọn lébìrà yí ẹ̀yìn padà lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí òfin lè ṣe nílẹ̀ Yorùbá, kò tíì rí ọ̀nà gbà kọjá ibi tí ìyá àgbà ti ń wẹ̀.

"Ìyá," Alága ké, ẹ̀yìn rẹ̀ sí esùsú, "ṣé ẹ ò tíì fẹ́ parí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta omi sára ni."

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n padà sórí pèpéle, wọ́n dúró. Mínísítà ní òun yóò na ẹsẹ̀, ó rìn lọ bá Àfáà Rájí lábẹ́ igi ìyeyè. Àwọn yòókù kún pèpéle fọ́fọ́. Ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ jù fún Alága, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi Matthew Ọlátúndé Fáṣínà, òpó tó gbé Ìdí-Ìyeyè ró…"

"Hẹ́ẹ̀n!"

"Ìyá, ṣé ó ti tán?"

"Mo dé ẹsẹ̀ òsì!"

"…èmi tí ìjì kò lè mì…"

"Ojúoró ní í lékè omi!" Ògúnkúnlé gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Pèpéle dún. Kò dún púpọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn fò sílẹ̀. Ògúnkúnlé, tí kò tíì fi ìgbà kankan jìnnà sí Alága, rí i lọ́jọ́ náà pé ó tọ́ kí òun jìnnà sí i díẹ̀. Ibi tí Alága wà nìkan ló já. Ilẹ̀, sìmẹ́ǹtì, àga àti ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ wọ inú adágún lọ. Orí ló kọ́kọ́ wọlé.

Ó yọrí. Omi dé e láyà, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó di etí ilẹ̀ mú, etí ilẹ̀ já. Ó tún di òmíràn mú, ìyẹn náà já. Àwọn èèyàn fẹ́ na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ àwọn náà. Ó wá ewé kan, ó wá gbòǹgbò kan, ó wá ohunkóhun tó hù. Ó ti fá gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo etí omi náà, ibì kan ṣoṣo ló kù tí ohun ìdìmú wà. Ó wọ́ lọ síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta nìyẹn?" Ìyá Hàbíbátù bi í láti ẹ̀yìn esùsú.

"Èmi ni! Alága!"

"N kò mọ Alága kankan. Mo ń wẹ̀."

"Èmi ni, Ìyá! Fáṣínà!"

"Fáṣínà tí mo mọ̀ ti kú, ó ti pẹ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni."

Ẹrẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo Ìdí-Ìyeyè ń gbọ́.

"Àkànbí ni, Ìyá! Àkànbí yín ni!"

"Hòwù! Àkànbí! O ò tètè sọ. Ó yá, di esùsú mú. Àbí kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fá a ná?"

"Ẹ má fá a!" Àkànbí kígbe, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀nà Kuta. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a o!"

Lábẹ́ igi ìyeyè, mínísítà tú aṣọ pupa kúrò léèkù àdá, ó fi lé Ògúnkúnlé lọ́wọ́. "Ẹ ti gbọ́ ohun tí Alága yín wí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ògúnkúnlé kọ ọ́. Nínú gbogbo ìpinnu tí ìgbìmọ̀ náà ṣe, ìyẹn nìkan ló wúlò, inú omi ni wọ́n sì ti dá a.

Esùsú kò já. Alága fi ọwọ́ àti orúnkún rá jáde síta, Ìyá Hàbíbátù sì dúró síwájú rẹ̀, ó wọṣọ dáadáa, ara rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Kò ta omi kankan sára láti àárọ̀. Alága wò ó láti ilẹ̀ tó nà sí gbọọrọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un tán, odidi, láìmọ̀.

Ṣé ẹ rántí pé nítorí àga ni wọ́n fi yàn án? Àga náà rì, wọn kò rí i mọ́. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà wo ibi tó máa ń wà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ní kí Àfáà Rájí tẹ́ awọ àgùntàn rẹ̀ síwájú. Àfáà tẹ́ ẹ. Ó pa irùngbọ̀n rẹ̀ lára, ó ní kí gbogbo ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kan omi dá ohun tó hú padà.

"Hẹ́ẹ̀n!" ni Ògúnkúnlé wí.

Fáṣínà lọ tọrọ gbòǹgbò esùsú lọ́wọ́ Ìyá Hàbíbátù. Ó kúnlẹ̀, ó wí ohun tí àwọn obìnrin ń wí, ó sì gba ohun tó tọrọ. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì í mọ́ ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ṣẹ̀fíátù àti àwọn yòókù dúró lókè, wọ́n ń júwe ibi tí kò tọ́ fún un. Ti ojúoró, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Afẹ́fẹ́ ló rọra tì í wá láti ọ̀dọ̀ ìyá náà, ó ń bọ̀ lójú omi bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Lónìí, bí ẹ bá dé Ìdí-Ìyeyè, omi mọ́. Lékelèke ti padà. Ara àwọn ọmọ Ṣẹ̀fíátù ti dá. Esùsú iwájú ilé Fáṣínà ga débi pé èèyàn kò lè rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà nínú omi mọ́, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù fún un. Ọ̀pọ̀ ará Ìwó kò ní tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sùn.

Nígbà tí Àfáà Rájí mú ìgbìmọ̀ rẹ̀ jáde láti wá wo bí kálukú ṣe pa òfin mọ́, wọ́n yí adágún po títí wọ́n fi dé iwájú ilé Fáṣínà. Ògúnkúnlé ló ṣíwájú, ó na ọwọ́ láti ya esùsú sọ́tọ̀. Ohùn ọkùnrin kan ti inú rẹ̀ jáde, ohùn ńlá, ohùn ẹni tó ti bá àwùjọ sọ̀rọ̀ rí.

"Mo ń wẹ̀ o!"